John Stewart MacArthur: Ẹni Tí Ó Fi Ìwọ̀n Yọ Wúrà Johannesburg

Bí a bá ń sọ ìtàn wúrà Johannesburg, àwọn olówó tí ó ni kòtò wúrà ni a sábà máa ń dárúkọ. Ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n kan wà tí ó ṣí ọ̀nà fún ọrọ̀ náà: Ọ̀gbẹ́ni John Stewart MacArthur. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ wa mọ ìtàn rẹ̀, nítorí ìṣirò tí à ń kọ́ ọmọ ní kíláàsì ni ó fi ṣiṣẹ́.

Ìlú Glasgow ni a bí i sí ní ọdún 1856, iṣẹ́ kẹ́místrì ni ó sì kọ́ láti ìgbà èwe. Ní ọdún 1887, òun pẹ̀lú Dókítà Robert Forrest àti Dókítà William Forrest, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n tuntun kan: omi tí a po sáyánáìdì mọ́ a máa yọ́ wúrà kúrò nínú òkúta lílọ̀, síńkì a sì gba wúrà náà padà lára omi.

Àkókò gan-an ni ọgbọ́n yìí dé. Ọdún 1886 ni wọ́n rí wúrà ní Witwatersrand. Bí wọ́n ti gbẹ́lẹ̀ jìn, wọ́n bá òkúta tí irin àti imí-ọjọ́ kún inú rẹ̀, mẹ́kúrì kò sì rí wúrà rẹ̀ mú dáadáa mọ́. Ní ọdún 1890 wọ́n dán ọgbọ́n MacArthur wò ní Johannesburg, ó sì yege.

Ìwọ̀n ni àṣírí rẹ̀. Omi sáyánáìdì tí a là dáadáa ni ó ń mú wúrà, tí ó sì ń fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú irin yòókù sílẹ̀. Bí a bá ní lítà 100 tí agbára rẹ̀ jẹ́ 2 nínú 100, tí a sì fẹ́ kí ó di 0.2, a ó bu omi sí i títí yóò fi pé lítà 1,000. Omi pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n sáyánáìdì inú rẹ̀ kò dín, kò sì lé.

Ásíìdì sì ni ọ̀tá rẹ̀. Imí-ọjọ́ inú òkúta, bí ó bá kan afẹ́fẹ́ àti omi, a di ásíìdì; ásíìdì a sì sọ sáyánáìdì di èéfín tí ń pani. Ẹfun sísun ni wọ́n fi ń pa oró rẹ̀: gíráàmù 74 ẹfun tí a ti fi omi pò a pa gíráàmù 98 ásíìdì imí-ọjọ́. Bí ẹfun kò bá tó, ewu ń bẹ. Bí ó bá pọ̀ jù, ìnáwó lásán ni. Àwọn ìyá wa tí ń fi omi eérú re aró, tí wọ́n sì ń fi se ọṣẹ, mọ̀ pé ìwọ̀n ni iṣẹ́.

Ní ọdún 1896, ilé-ẹjọ́ Transvaal fagi lé ìwé ẹ̀tọ́ náà. Àwọn oníkòtò ń lo ọgbọ́n ọ̀hún lọ. MacArthur padà sí iṣẹ́ rẹ̀, ó tilẹ̀ ṣe rédíọ̀mù, kí ó tó kú ní ọdún 1920.

Òkìtì iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ti yọ wúrà rẹ̀ ṣì wà lẹ́bàá Soweto, ìlú tí a kó àwọn aláwọ̀ dúdú sí, àwọn tí agbára wọn gbẹ́ wúrà náà. Láti ọdún 2002 ni omi ásíìdì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn jáde láti inú kòtò àtijọ́ ní ìwọ̀-oòrùn Johannesburg, ẹfun náà ni a sì fi ń pa oró rẹ̀. Wúrà ti lọ, ásíìdì kù. Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí àwọn ọmọ bá ṣírò iye ẹfun tí yóò tó, ẹ bi wọ́n léèrè pẹ̀lú pé ta ni ó yẹ kí ó san owó rẹ̀.