Mark Weiser, ọkùnrin tó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà pòórá lójú wa

Ní sáà tó kọjá, odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi tẹ ojú ewé mẹ́rìnlélógún péré nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ oyè mi. Ọ̀rọ̀ tí mo gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyá aláta ni mo ń dà kọ, kò sì ṣòro láti gbọ́. Àmì ohùn ló ń jẹ mí níyà. Bí mo bá tẹ fáwẹ̀lì kan tán, mo ní láti lọ wá àmì rẹ̀ wá, nígbà tí n ó bá fi padà sórí ọ̀rọ̀, mo ti gbàgbé ibi tí ìyá náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Mo gbé ẹjọ́ náà lọ bá olùkọ́ tó ń tọ́ mi sọ́nà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n lọ ka ohun tí ẹnì kan tó ń jẹ́ Mark Weiser kọ ní 1991, pé òun ló ní ìmọ̀ ìkọ̀wé lè jẹ́ ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó pòórá lójú ọmọ ènìyàn.

Mo kà á. Inú bí mi díẹ̀, torí èmi ò rí ohunkóhun tó pòórá. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ìtàn ayé ọkùnrin náà kiri, òun ni mo sì fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ará ẹ̀ka wa, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti jáde.

Wọ́n bí i ní ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 1952 ní Harvey, ìlú kan nítòsí Chicago, àmọ́ Stony Brook ní ìpínlẹ̀ New York ló ti dàgbà. Kì í ṣe ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ lọ kọ́. Fìlọ́sọ́fì ló lọ kọ́ ní New College, ní Sarasota, ní Florida, kò sì parí rẹ̀ síbẹ̀. Ó kó lọ sí Ann Arbor, ó ń fi kíkọ ètò kọ̀ǹpútà jẹun, ó sì wọ Yunifásítì Michigan, níbi tó ti gboyè ọ̀mọ̀wé ní 1979. Ẹ má gbàgbé fìlọ́sọ́fì yẹn o. Yóò padà wá.

Ohun tó fi gboyè náà ṣì wà nínú ìwé àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà títí dòní. Bí iye kan bá jáde pẹ̀lú àṣìṣe ní ìparí ètò kan, ta ló ń ka ètò náà láti ìlà kìíní dé ìkẹyìn? Weiser rí i pé ẹni tó mọṣẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ìlà tó kan iye náà nìkan ni yóò máa tọpa padà, bí wọ́n tiẹ̀ jìnnà síra, yóò sì fojú fo ìyókù bí ẹni pé wọn ò sí. Ó wá kọ ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ lè gbà gé irú abala bẹ́ẹ̀ jáde. Ẹni tó bá ti tọpa arọ́pò orúkọ lọ sọ́dọ̀ orúkọ tó dúró fún nínú gbólóhùn gígùn kan mọ adùn irú iṣẹ́ yìí. Èyí tó wù mí jù ni pé ohun tí ènìyàn ń fojú fò ló gbà á lọ́kàn láti ìgbà èwe rẹ̀.

Ó ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Maryland fún ọdún mẹ́jọ. Ní 1987 ló lọ sí Xerox PARC, ilé ìwádìí tí iléeṣẹ́ Xerox dá sílẹ̀ ní Palo Alto, ní California, ní 1970. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe Alto ní 1973, kọ̀ǹpútà tó ń fi máòsì ṣiṣẹ́ nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ò tíì fojú kan kọ̀ǹpútà rí. Ibẹ̀ náà ni Ethernet ti wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe kọ́ọ̀sì sintáàsì mọ Ronald Kaplan, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá Lexical-Functional Grammar sílẹ̀. PARC ni òun náà ti ń ṣiṣẹ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ìtàn Kaplan yìí, ẹ forí jì mí. Lucy Suchman, onímọ̀ nípa ìgbé ayé ẹ̀dá, wà ní PARC nígbà náà, ó sì ń ká àwọn tó ń lo ẹ̀rọ fótókópì sórí fídíò. Nínú ọ̀kan nínú àwọn fídíò náà, Kaplan àti Allen Newell, ọ̀kan lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ ọgbọ́n àtọwọ́dá, ni wọ́n dúró ti ẹ̀rọ náà. Wọ́n fẹ́ dà á kọ tojú tẹ̀yìn. Ẹ̀rọ ò gbọ́, àwọn náà ò yé ẹ̀rọ. Ọ̀mọ̀wé méjì tí gbogbo ayé ń ka ìwé wọn! Ẹ̀kọ́ tí Suchman rí fà yọ níbẹ̀ ni pé kì í ṣe orí ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ló pé tàbí tí kò pé. Ẹ̀rọ náà kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní àyíká ara rẹ̀ ni.

Ọ̀dọ̀ irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni Weiser lọ jókòó sí. Ní 1988 ó di olórí ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà níbẹ̀, ọdún kan náà ló sì fún èrò rẹ̀ lórúkọ: ubiquitous computing, kọ̀ǹpútà tó wà níbi gbogbo. Lójú rẹ̀, ìgbà mẹ́ta ló wà. Tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pín kọ̀ǹpútà ńlá kan lò. Lẹ́yìn náà ló di ẹnì kan sí kọ̀ǹpútà kan, tí a jókòó tì, tí a tẹjú mọ́. Èyí tó kàn ni kí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà yí ẹnì kan ṣoṣo ká, nínú ògiri, lórí tábìlì, lára káàdì tó fi há àyà, kí ẹni náà má sì ronú nípa wọn rárá. Ó fojú sí i pé láàárín 2005 sí 2020 ni ìgbà kẹta yìí yóò borí èkejì.

Àwòṣe tó fi ṣàlàyé ni ti ẹ́ńjìnnì. Nígbà kan, ẹ́ńjìnnì ńlá kan ṣoṣo ló ń fi bẹ́líìtì yí gbogbo ohun èlò tó wà nínú ilé-iṣẹ́. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì oníná kéékèèké dé, ohun èlò kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ó ṣí ìwé àtúnṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan, ó ka irú ẹ́ńjìnnì kéékèèké bẹ́ẹ̀ 22 nínú ọkọ̀ kan, láìka sólẹ́nọ́ìdì 25. Ẹni tó ń fa gíláàsì ọkọ̀ sókè kò mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì lòun ń tàn. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe fẹ́ kí kọ̀ǹpútà rí.

Wọn ò sì fi í mọ sí ọ̀rọ̀ ẹnu. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe irú mẹ́ta: èyí tó gba àtẹ́lẹwọ́, èyí tó dà bí tákàdá, àti èyí tó tóbi bí pátákó ìkọ̀wé lára ògiri. Ó rò ó pé yàrá kan lè ní ju ọgọ́rùn-ún lọ nínú ti àtẹ́lẹwọ́, 10 sí 20 nínú ti tákàdá, àti pátákó kan tàbí méjì. Èyí tó dà bí tákàdá yẹn, kò fẹ́ kó ní olówó. Kí ó kàn wà nílẹ̀ bí ìwé jákujàku, kí ẹni tó bá nílò rẹ̀ mú un lò, kó sì fi í sílẹ̀.

Nínú àpilẹ̀kọ 1991 tó jáde nínú Scientific American, ó ro obìnrin kan tó ń jẹ́ Sal, tó jí láàárọ̀. Aago ilé bi í bóyá yóò mu kọfí. Bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan ni èdè tí aago náà gbọ́. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka ibẹ̀, torí lédè Gẹ̀ẹ́sì ọ̀rọ̀ méjì náà kò jọra rárá, àmọ́ bí Yorùbá ni Sal, aago náà yóò ní láti ní sùúrù kọjá sílébù méjì àkọ́kọ́ kó tó mọ̀ bóyá kó gbé omi kaná.

Èyí tí kì í ṣe ẹ̀rín ni pé òun fúnra rẹ̀ ló kìlọ̀ nínú àpilẹ̀kọ kan náà pé bí ọgọ́rọ̀ọ̀rún kọ̀ǹpútà bá wà nínú yàrá, tí wọ́n ń mọ ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde, ìjọba aninilára tó bá rí wọn lò yóò burú ju gbogbo èyí tí ayé ti rí lọ. Lónìí tí fóònù mọ ilé oúnjẹ tí mo ti jẹun lánàá, mo rò pé ìkìlọ̀ yẹn la pa tì jù nínú gbogbo ohun tó kọ.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń ṣe kọ̀ǹpútà nígbà náà ló gba tirẹ̀. Àwọn kan ń fẹ́ kí ènìyàn wọ inú ayé tí kọ̀ǹpútà dá. Ó ní òdìkejì lòun ń fẹ́. Àwọn mìíràn ń fẹ́ kọ̀ǹpútà tó dà bí ènìyàn, tí yóò máa jẹ́ni níṣẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀. Ó bi wọ́n ní 1994 pé ṣé bàlúù jọ ẹyẹ ni, àbí lẹ́tà ábídí jọ ẹnu. Ojú gíláàsì ló fẹ́ràn láti fi ṣàpẹẹrẹ: ayé là ń fi í wò, a kì í wo gíláàsì.

Ní àárín ọdún wọ̀nyẹn, oníṣẹ́ ọnà kan ní PARC, Natalie Jeremijenko, so okùn oníke tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 8 kọ́ òrùlé, ó so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì kékeré tó ti ara wáyà Ethernet gba ìròyìn. Bí àwọn ènìyàn bá ń fi nǹkan ránṣẹ́ síra wọn gan-an, okùn á máa jó bí ẹni tí orò gùn, ariwo rẹ̀ á máa dún. Bí gbogbo nǹkan bá parọ́rọ́, á kàn máa ta ṣẹ́ṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ń wò ó, gbogbo ènìyàn ló sì mọ ohun tó ń sọ. Okùn yìí ni Weiser àti John Seely Brown fi ṣàlàyé ohun tí wọ́n pè ní calm technology, ẹ̀rọ tó farabalẹ̀. Tiwa ni jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò: kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ mọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àmọ́ kí epo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ tán, kí ó kọ́ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ilé ti gbọ́.

Ó tún ń lu ìlù. Severe Tire Damage ni orúkọ ẹgbẹ́ olórin wọn, àwọn ni ẹgbẹ́ olórin àkọ́kọ́ tó ṣeré lójú ẹsẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní oṣù Kẹfà 1993. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, nígbà tí Rolling Stones fẹ́ fi eré tiwọn ránṣẹ́ lọ́nà kan náà, Severe Tire Damage ti gun orí afẹ́fẹ́ ṣáájú wọn láìsẹ́ni tó pè wọ́n.

Ní 1996 ó di ọ̀gá àgbà ìmọ̀ ẹ̀rọ PARC. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1999, dókítà rí àrùn jẹjẹrẹ nínú ikùn rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin, ó kú. Ẹni ọdún 46 ni. Fóònù tí a ń fi ìka tọ́ lójú kò tíì wọ́pọ̀ lọ́wọ́ ará ìlú nígbà náà.

Ìjà tí mo bá a jà lórí ìkọ̀wé ń kọ́? Mo padà lọ ka àpilẹ̀kọ náà, ojú sì tì mí díẹ̀. Fìlọ́sọ́fì tí mo ní kẹ́ ẹ má gbàgbé ló wà níbẹ̀, Heidegger ti Jámánì àti Polanyi. Kò sọ pé ẹ̀rọ ló ń pa ara rẹ̀ mọ́. Ó ní ara ènìyàn ni pípòórá ti ń wá, pé ohun tí a bá kọ́ dáadáa la kì í rí mọ́. Mélòó nínú wa ló wá kọ́ àmì ohùn dáadáa? Owó, òwò, ọwọ́, ọ̀wọ̀: owo la fi ń ránṣẹ́ gbogbo wọn síra wa, àwa ọmọ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀dá èdè. Àmọ́ mi ò lè gba gbogbo ẹ̀bi náà. Nínú Unicode, á ní ààyè tirẹ̀, ẹ náà ní tirẹ̀, ẹ́ kò ní. Ẹ la ó kọ́kọ́ tẹ̀, kí a tó wá gbé àmì lé e bí ohun ọ̀tọ̀, nínú àwọn fọ́ńtì mìíràn àmì náà á sì lọ jókòó sórí lẹ́tà tó tẹ̀lé e. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbàgbé ohun tó ń ṣubú lójú mi?

Mo fi ètò ìtẹ̀wé Yorùbá sórí kọ̀ǹpútà náà, mo sì ń fi í kọ́ ìka mi ní alaalẹ́. Ní ojú ewé kọkànlélọ́gbọ̀n, ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà ń sọ bí wọ́n ṣe lé òun kúrò lábẹ́ ibùsọ̀ tí òun ti ń tà láti ìgbà tí òun ti bí àkọ́bí. Mo tẹ̀ ẹ́ dé ìparí kí n tó rántí wo ọwọ́ mi. Ó ku ojú ewé méjìdínlógún.