Adégòkè Adélabú (1915–1958): Ìgbésí-Ayé Alátakò kan ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn

Ìfáàrà

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá ilẹ̀ Ifẹ̀. Èrò tí ó wà nínú òwe yìí náà ni ó gbé ètò ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ró. Ẹgbẹ́ tí ó wà lórí àlééfà yóò sọ tirẹ̀, ẹgbẹ́ alátakò náà yóò sì sọ tirẹ̀, kí ìlú tó mọ èyí tí ó yẹ kí a tẹ̀ lé. Nínú ìtàn ìṣèlú ilẹ̀ Yorùbá, àwọn tí ó ṣe ìjọba ni a sábà máa ń kọ ìwé nípa wọn. Àwọn tí ó jókòó ní apá kejì ilé ìgbìmọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ rí ẹni ròyìn wọn. Nípa ti Adégòkè Adélabú, orúkọ ìnagijẹ rẹ̀, Pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì, ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Ohun tí pépà yìí fẹ́ fi hàn ni pé iṣẹ́ ńlá ni ọkùnrin yìí ṣe gẹ́gẹ́ bí alátakò, àti pé àléébù tí ó wà nínú ọ̀nà tí ó gbà ṣe é kò yẹ ní fífi pamọ́ fún àwọn tí a ń kọ́.

Ìbí àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀

Ìlú Ìbàdàn ni a ti bí Adégòkè Adélabú ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1915, sínú ìdílé Mùsùlùmí. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ C.M.S. ní Kúdẹtì àti Mápó ni ó ti kàwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ó ti wọ Government College, Ìbàdàn. Ní 1936 ó wọ Yaba Higher College ní Èkó, ṣùgbọ́n kò pẹ́ níbẹ̀ tí ó fi kúrò, tí ó sì bá ilé-iṣẹ́ U.A.C. ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ òwò kòkó tí ó ṣe níbẹ̀ ni ó mú un súnmọ́ àwọn àgbẹ̀. Ó mọ bí wọ́n ti ń rà lọ́wọ́ wọn àti ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Ó tún ṣe iṣẹ́ ìjọba àti òwò ti ara rẹ̀ kí ó tó wọ òṣèlú pátápátá.

Bí Ó Ṣe Di Ẹni Tí Ìlú Mọ̀

Láàrin 1949 sí 1951, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn ìjòyè Ìbàdàn. Àwọn kan fẹ́ kí a yọ Sàlámì Àgbájé, Ọ̀tún Balógun, tí ó jẹ́ ọlọ́rọ̀ púpọ̀, kúrò nípò. Adélabú gbè sẹ́yìn àwọn tí ó fẹ́ yọ ọ́, ó sì ń bá wọn kọ ìwé ẹ̀hónú sí ìjọba. Níbẹ̀ ni àwọn ìjòyè àti àwọn mọ́gàjí ti rí i pé ẹnì kan wà tí ó lè bá òyìnbó sọ̀rọ̀ ní èdè òyìnbó, tí yóò tún padà wá ṣàlàyé fún àwọn ní èdè tí yóò yé wọn.

Ní 1951, ẹgbẹ́ Ibadan People's Party gba gbogbo ìjókòó mẹ́fà tí ó jẹ́ ti Ìbàdàn ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn. Adélabú wà lára àwọn mẹ́fà náà. Nígbà tí ó kù dẹ̀dẹ̀ kí ilé wọlé, márùn-ún nínú wọn dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Action Group, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ. A. M. A. Akínlóyè, tí ó jẹ́ olórí wọn, sì di mínísítà fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀. Adélabú nìkan ni kò bá wọn lọ. Ẹgbẹ́ N.C.N.C. ni ó dúró tì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ tí kò ní agbára ìjọba lọ́wọ́ ni ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ìpinnu yìí ni gbogbo ohun tí ó ṣe lẹ́yìn náà dá lé lórí. Ní 1952 ni ó tẹ ìwé Africa in Ebullition jáde, nínú èyí tí ó ti ṣàlàyé èrò rẹ̀ lórí òmìnira ilẹ̀ Áfíríkà.

Ẹgbẹ́ Mábọlájẹ́

Orúkọ tí Adélabú fún ẹgbẹ́ tí ó dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn fi ọgbọ́n rẹ̀ hàn. Mábọlájẹ́ ni ó pè é, ìyẹn ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ba ọlá àwọn ìjòyè jẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ Máyégún wà tẹ́lẹ̀, tí inú ń bí nítorí gígé tí ìjọba ń gé igi kòkó tí àrùn mú. Adélabú so àwọn yìí mọ́ àwọn mọ́gàjí agbo-ilé. Gbọ̀ngàn ilé rẹ̀ ní Òkè-Olúòkun, tí ó sọ ní Taj Mahal, ni àwọn ènìyàn ti ń pàdé.

Ohun tí ó ń dun àwọn ará Ìbàdàn nígbà náà kò mọ sí ẹyọ kan. Ní 1951 ni a ya agbègbè Ọ̀ṣun kúrò lábẹ́ Ìbàdàn. Àríyànjiyàn wà lórí ilẹ̀ láàrin àwọn onílẹ̀ àti àwọn àlejò, pàápàá jù lọ àwọn Ìjẹ̀bú. Ìjọba tún gbé owó orí lé àwọn ará ìlú lórí nítorí ètò ẹ̀kọ́ àti ìlera. Ọ̀rọ̀ owó orí yìí yẹ fún àròjinlẹ̀ àwa olùkọ́. Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 1955 ṣe ilẹ̀ Yorùbá ní àǹfààní tí kò ṣeé fẹnu sọ. Síbẹ̀, àgbẹ̀ tí a ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ tó wọ ilé-ìwé ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí a ń fi owó náà ṣe. Alátakò ni ó bá a béèrè.

Ní 1954, Mábọlájẹ́ borí nínú ìbò ìjọba ìbílẹ̀ Ìbàdàn, Adélabú sì di alága ìgbìmọ̀ náà. Ní ọdún yìí kan náà ni N.C.N.C. gba ìjókòó tí ó pọ̀ jù ní Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìbò sí ilé aṣòfin àpapọ̀. Ní 1955, a fi Adélabú jẹ mínísítà ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ ohun àlùmọ́ọ́nì àti ìgbáyé-gbádùn ará ìlú. Ó wá di alága ní Ìbàdàn àti mínísítà ní Èkó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìwádìí Nicholson àti Ìpadàbọ̀ Rẹ̀

Ní 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní kí E. W. J. Nicholson wádìí bí wọ́n ṣe ń ṣàkóso ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Ìbàdàn. Àbọ̀ ìwádìí náà kò gbe Adélabú, ó sì fi ipò méjèèjì sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1956. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ gbà pé ọ̀tá ni ó gbé ìwádìí náà dìde. Òótọ́ ni pé ẹgbẹ́ tí ó ń bá a díje ni ó pàṣẹ ìwádìí. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹni tí ó ń béèrè ìṣirò owó lọ́wọ́ ìjọba gbọ́dọ̀ lè ṣe ìṣirò ti ọwọ́ ara rẹ̀.

Ní oṣù Karùn-ún 1956, wọ́n tún dìbò sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn. Bí N.C.N.C. bá borí ni, Adélabú ni ojú ń wò fún ipò Prẹ́míà. Action Group gba ìjókòó 48, N.C.N.C. gba 32. Awólọ́wọ̀ ń bá iṣẹ́ Prẹ́míà lọ, Adélabú sì di olórí àwọn alátakò. Ìbàdàn kò kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ní 1957 ó wà lára àwọn tí ó lọ sí ìpàdé ìwé òfin ní Lọ́ńdọ̀nù, ìpàdé tí ó ṣílẹ̀kùn ìjọba ara-ẹni fún Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn ní oṣù Kẹjọ ọdún náà.

Adélabú àti Èdè

A kò lè sọ̀rọ̀ Adélabú kí a má mẹ́nu ba èdè. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ le, ó sì kún fún ọ̀rọ̀ ńláńlá. Yorùbá Ìbàdàn ni ó sì fi ń bá èrò sọ̀rọ̀. Ìtàn tí ó gbajúmọ̀ sọ pé ó lo àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, peculiar àti mess, láti fi bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn alátakò rẹ̀. Àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì pa méjèèjì pọ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì. Ìlànà ọ̀rọ̀-àyálò ni wọ́n tẹ̀ lé. Wọ́n fi fáwẹ́lì parí ọ̀rọ̀ náà nítorí pé sílébù Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí. Ìtumọ̀ rẹ̀ náà gbòòrò sí i, ó di wàhálà tàbí rúgúdù tí kò lójú. Ní 1994, Wọlé Ṣóyínká fi ọ̀rọ̀ náà sínú àkọlé ìwé tí ó kọ nípa ìgbésí-ayé ara rẹ̀ ní Ìbàdàn. Láti ẹnu ẹnì kan ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, àwọn ará ìlú ni ó sọ ọ́ di Yorùbá.

Ikú Rẹ̀ àti Ohun Tí Ó Tẹ̀lé E

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta 1958, bí Adélabú ti ń ti Èkó padà bọ̀ sí Ìbàdàn, ìjàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ nítòsí Òde-Rẹ́mọ, ó sì gba ibẹ̀ kú. Ọmọ ọdún 42 ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà pé ikú lásán ni. Rògbòdìyàn ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn àti àwọn abúlé rẹ̀, ẹ̀mí sì ṣòfò, pàápàá láàrin àwọn tí ó jẹ́ ti Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ àti àwọn agbowó-orí. Àwọn tí a pa wọ̀nyí kò mọ nǹkan kan nípa ìjàǹbá náà. Mábọlájẹ́ fúnra rẹ̀ pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, kò sì rí agbára ti àtijọ́ mọ́.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé Adélabú kọ̀ láti tẹ̀ lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ síbi tí oúnjẹ wà, àti pé ó gbé ohùn àgbẹ̀ àti mọ́gàjí dé ilé ìgbìmọ̀. A sì ti rí i pé orí ẹnì kan ṣoṣo ni ó gbé gbogbo ẹgbẹ́ náà lé. Igi kan kò lè dá igbó ṣe. Bí igi náà ṣe wó ni igbó di pápá. Nígbà tí olùkọ́ bá ń kọ́ni nípa rẹ̀, kí ó má ṣe dúró lórí ìnagijẹ nìkan. Kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìdí tí ìlú fi nílò ẹni tí yóò takò, àti ohun tí ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi lélẹ̀ kí iṣẹ́ rẹ̀ má ba à bá a lọ sí sàréè.