Robert Floyd: Ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò gba PhD

Bí o bá ti ṣe kọ́ọ̀sì álígọ́rídímù, o ti pàdé orúkọ Floyd. Ọkùnrin tó ni orúkọ náà ni a kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀.

New York ni wọ́n ti bí Robert Floyd ní oṣù kẹfà ọdún 1936. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tó jáde girama. Nígbà tó fi máa di ọmọ ọdún 17, ó ti gba oyè àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Chicago. Ó tún gba oyè àkọ́kọ́ kejì, nínú físíìsì, ní 1958. Kò gba PhD títí ó fi kú. Ìdí kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́ ló ti kọ́ ara rẹ̀. Síbẹ̀ Stanford gbà á ní 1968, ọdún méjì lẹ́yìn náà ó di ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀.

Ní 1962 ló tẹ álígọ́rídímù ọ̀nà tó kúrú jù jáde, ìyẹn lúùpù mẹ́ta tó wà nínú ara wọn. Ní 1967 ó fi hàn bí a ṣe lè fi ìṣirò jẹ́rìí pé ètò kọ̀ǹpútà kan tọ̀nà, dípò ká máa dán an wò ká sì máa gbàdúrà. Iṣẹ́ yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kó gba Àmì-ẹ̀yẹ Turing ní 1978.

Lójú tèmi, iṣẹ́ tó dùn jù ni ti àwòrán, tí òun àti Louis Steinberg tẹ̀ jáde ní 1976. Báwo ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ní yíǹkì dúdú nìkan ṣe máa tẹ àwọ̀ eérú? Ká ní 0 ni dúdú, 255 ni funfun, píksẹ́lì kan wá jẹ́ 100. Dúdú ló sún mọ́, nítorí náà ó di dúdú. Bí a bá ju 100 yẹn nù, tí a sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ, ojú ènìyàn inú fọ́tò á di àbàwọ́n lásán. Floyd àti Steinberg ò jù ú nù. Wọ́n pín in fún àwọn aládùúgbò mẹ́rin tí iṣẹ́ kò tíì kàn: ti ọwọ́ ọ̀tún gba 7/16, ti ìsàlẹ̀ gan-an gba 5/16, ti ìsàlẹ̀ lápá òsì gba 3/16, ti ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún gba 1/16. Ẹ ro wọ́n pọ̀ wò, kò sí ohun tó ṣòfò. Bí a bá wo àwòrán náà láti ọ̀ọ́kán, eérú la máa rí, bẹ́ẹ̀ dúdú àti funfun nìkan ló wà níbẹ̀. Wọ́n ṣì ń lò ó láti sọ fọ́tò di GIF tí kò ju àwọ̀ 256 lọ.

Ọkùnrin tí kò gba PhD yìí ló tọ́ Robert Tarjan àti Ronald Rivest sọ́nà lórí PhD tiwọn. Àìsàn ọpọlọ ló mú kó fẹ̀yìn tì láìtọ́jọ́ ní 1994. Ó kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001. Tarjan ti gba Àmì-ẹ̀yẹ Turing ní 1986. Rivest wà lára àwọn tó gba ti ọdún 2002.