Mungo Park àti ọkọ̀ alábùlẹ̀ tó gbé e dé Bùsà

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ka ìwé ní Ìjerò, Aramọkọ àti Ẹ̀fọ̀n Aláayè láyé àtijọ́ yóò rántí orúkọ Mungo Park. Wọ́n kọ́ yín pé òun ló ṣàwárí Odò Ọya. Bẹ́ẹ̀, àwọn apẹja ti wà lórí odò náà kí wọ́n tó bí baba ńlá rẹ̀. Èyí tí olùkọ́ kì í sábà sọ ni ti ògbólógbòó ọkọ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe.

Ọdún 1771 ni wọ́n bí Park nítòsí Selkirk ní Scotland. Iṣẹ́ dókítà ló kọ́. Oṣù Keje ọdún 1796 ló kọ́kọ́ fojú kan Odò Ọya ní Ségù, ní ilẹ̀ Màlì òde òní.

Lọ́dún 1805, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún rán an pé kí ó tọ odò náà dé ibi tó ti wọ òkun. Òyìnbó 44 ni wọ́n nígbà tí wọ́n kúrò ní Gáḿbíà. Káfíńtà mẹ́rin wà nínú wọn, nítorí ọkọ̀ ni wọ́n fẹ́ kàn. Ṣùgbọ́n ìgbà òjò ni wọ́n rìn. Ibà àti ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ pa wọ́n títí ó fi ku márùn-ún péré, káfíńtà kankan kò sì sí nínú wọn.

Ní ìlú Sansanding, Park pàtẹ ọjà kí ó lè rówó. Lọ́jọ́ ọjà kan, ó pa ju owó ẹyọ 25,000 lọ. Ó fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí Mansong, ọba Ségù, ọba sì fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ránṣẹ́ sí i, àmọ́ ìdajì rẹ̀ ti jẹrà. Wọ́n mú òmíràn wá, ògbólógbòó ni òun náà. Park àti sójà kan, Abraham Bolton, gé ibi tó ti jẹrà dànù, wọ́n so èyí tó dára pọ̀, wọ́n sì dí àwọn ihò rẹ̀. Ọjọ́ 18 ni wọ́n fi ṣe é. Ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 40, ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 6, ìdí rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Park sọ ọ́ ní Joliba, orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pe odò náà.

Oṣù Kọkànlá ni wọ́n gbéra. Ọkọ̀ alábùlẹ̀ yìí gbé wọn kọjá Timbuktu, ó rin bí ẹgbẹ̀rún máìlì, kò rì. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí Amadi Fatouma tó mú wọn lọ́nà ṣe ròyìn, ìbọn ni wọ́n fi ń dá àwọn tó bá sún mọ́ wọn lóhùn. Lọ́dún 1806, ní Bùsà, ọkọ̀ há sáàárín àpáta, àwọn ará ìlú kọlù wọ́n láti etí odò. Park bẹ́ sómi, ó sì kú síbẹ̀ lẹ́ni ọdún 34.

Ní 1830, Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John gba Badagry wá, wọ́n kí Aláàfin ní Ọ̀yọ́-Ilé, wọ́n kí ọba Bùsà. Wọ́n rí ìwé Park kan níbẹ̀. Wọ́n wọ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, wọ́n sì dé òkun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n mú wọn lẹ́rú lọ́nà kí wọ́n tó rà wọ́n padà.

Bùsà àtijọ́ ti wà lábẹ́ adágún omi Kainji láti 1968, omi tó ń fún wa ní iná mọ̀nàmọ́ná. Igi tó jẹrà kò já Park kulẹ̀, èèyàn méjì tún un ṣe láàárín ọjọ́ 18. Àlejò tí kò kí onílé ló ṣòro tún ṣe.