Bobby Moore: Ọ̀gá ẹ̀yìn tí England gbàgbé títí tó fi kú

Tẹ́ ẹ bá ti dé pápá Wembley rí, tàbí tẹ́ ẹ rí i lórí fóònù, ẹ ó ti rí ère ńlá kan níwájú rẹ̀, ọkùnrin tó gbé ẹsẹ̀ lé bọ́ọ̀lù. Bobby Moore nìyẹn. Ọdún 2007 ni wọ́n gbé ère náà síbẹ̀, ọkùnrin yìí sì ti kú láti 1993. Àwọn àgbà tó ní ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè, àfi bíi pé tiẹ̀ ni wọ́n ń sọ.

Barking ni wọ́n ti bí i, ní ìlà-oòrùn London, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ń gbé lónìí, ní April 12, 1941. Ẹ má tàn ara yín o, kò yára lẹ́sẹ̀, kò sì mọ bọ́ọ̀lù orí dáadáa. Kí ló wá ń wá lọ́wọ́ ẹ̀yìn? Orí pípé ni! Malcolm Allison, ẹ̀gbọ́n kan tó ń gbá ẹ̀yìn ní West Ham, ló kọ́ ọ pé kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kó ti mọ ibi tó máa gbá a sí. Àìsàn TB kọ lu Allison, wọ́n gé lára ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, síbẹ̀ ó ń sapá láti padà sórí pápá. Ní September 1958, ààyè kan ṣoṣo ṣí sílẹ̀ nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ pẹ̀lú Manchester United. Ọmọ ọdún 17 tó kọ́ níṣẹ́ ni wọ́n mú. West Ham borí, 3-2. Allison ò padà gbá líìgì fún wọn mọ́.

Nǹkan tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ rèé. Ní November 1964, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tó gba ife FA, wọ́n rí jẹjẹrẹ nínú kóró ẹpọ̀n rẹ̀, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ọmọ ọdún 23 ni. Wọn ò jẹ́ kí aráàlú gbọ́, nítorí nígbà yẹn, wọn kì í dárúkọ jẹjẹrẹ síta. Ní May 1965, òun náà ló tún gbé ife àwọn ilẹ̀ Yúróòpù sókè ní Wembley.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn tẹ́ ẹ bá ń wo fọ́tò July 30, 1966. Jámánì ló kọ́kọ́ jẹ góòlù. Moore gba fìríkíìkì kíákíá kí wọ́n tó tò, Geoff Hurst fi orí kàn án wọlé. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ máa parí, bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ Moore nítòsí ilé wọn. Ẹlòmíì á gbá a dà sáàárín èrò, kódà ohun tí Jack Charlton ń pariwo pé kó ṣe nìyẹn. Moore gbójú sókè, ó fi ránṣẹ́ sí Hurst lọ́nà jíjìn, ó di 4-2. Nígbà tó dé iwájú Ọbabìnrin, ó kọ́kọ́ nu ẹrẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kó tó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Lọ́dún 1970, nígbà tí wọ́n ń lọ Mexico, wọ́n fẹ̀sùn kàn án ní Bogotá pé ó jí ẹ̀gbà ọwọ́ olówó iyebíye ní ṣọ́ọ̀bù kan. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi há a mọ́. Wọn ò rí nǹkan kan tọ́ka sí, ẹjọ́ náà sì kú dànù. Ní June 7, ó kojú Brazil. Jairzinho gbé bọ́ọ̀lù já bọ̀, Moore ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kò kánjú, àfi pàù, ó yọ bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ rẹ̀ láìfara kàn án. England pàdánù 1-0, àmọ́ Pelé fúnra rẹ̀ ló bá a pààrọ̀ aṣọ.

Ìgbà 108 ló gbá bọ́ọ̀lù fún England kó tó parí ní 1973. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Okòwò rẹ̀ ò lójú, iṣẹ́ kóòṣì ní Southend ò pẹ́. Àjọ FA ò fún un ní ipò kankan. Àlàyé bọ́ọ̀lù lórí rédíò ló ń ṣe.

Ní February 14, 1993, ó kéde pé jẹjẹrẹ ìfun ń bá òun jà. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó wà ní Wembley, ó ń ṣàlàyé England àti San Marino fún àwọn olùgbọ́ rẹ̀. Ó kú ní February 24, lẹ́ni ọdún 51. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìyàwó rẹ̀, Stephanie, dá àpò owó kan sílẹ̀ lórúkọ rẹ̀ fún ìwádìí jẹjẹrẹ ìfun.