Olóògbé Àìná Ọnàbólú, Ayàwòrán Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde

Bí a bá ń ka àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn gbé ìlú yìí ga, a kò gbọdọ̀ fo orúkọ Olóògbé Àìná Ọnàbólú. Ìlú wa ni a ti bí i ní 1882, ó sì papò dà ní 1963. Ní ìgbà èwe rẹ̀, àwọn àwòrán inú ìwé òyìnbó ni ó máa ń wò yà láìsí olùkọ́, nítorí a kò tíì máa kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ilé-ìwé wa.

Akọ̀wé ìjọba ni ó ń ṣe ní Èkó nígbà kan. Ní 1906 ó ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage, èyí tí òkìkí rẹ̀ kò parẹ́ di òní. Àwọn òyìnbó kan ń sọ nígbà náà pé aláwọ̀ dúdú kò ní làákàyè tí a fi í ya ojú ènìyàn kí ó jọ ẹni náà. Ọ̀rọ̀ yìí ni Ọnàbólú bá jà, àti búrọ́ọ̀ṣì àti gègé.

Ní 1920 ó kọ ìwé kékeré kan jáde lórí iṣẹ́ ọnà. Ó wí níbẹ̀ pé iṣẹ́ ọnà Áfíríkà ṣì rí jákujàku, kò sì ní ìmọ̀ nínú. Níhìn-ín a kò lè gbè é lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á rántí pé ọdún 1938 ni a tó hú àwọn orí idẹ kan jáde ní Ilé-Ifẹ̀, tí ojú wọn dà bí ojú alààyè. Àwọn baba wa ti mọ ohun tí ó ń wá kiri láti ọjọ́ pípẹ́.

Ní ọdún náà gan-an ni ó wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà St. John's Wood, ó sì gba ìwé-ẹ̀rí ní 1922. Nígbà tí ó padà, ó ń ti ilé-ìwé kan bọ́ sí òmíràn ní Èkó. King's College àti CMS Grammar School wà nínú wọn. Bí ohun tí ó jìnnà ti ń kéré lójú ni ó ń tẹnu mọ́ jù, tí òyìnbó ń pè ní perspective, débi pé àwọn ọmọ fi orúkọ ẹ̀kọ́ náà pè é. Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ mọ̀ pé irú ìnagijẹ bẹ́ẹ̀, àmì ni pé ẹ̀kọ́ wọ̀ wọ́n létí.

Òun ni ó rọ ìjọba kí wọ́n mú olùkọ́ mìíràn wá, Kenneth Murray sì dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1927. Àṣé ọ̀nà wọn kò ní pa pọ̀! Murray fẹ́ kí àwọn ọmọ fi àfarawé òyìnbó sílẹ̀, kí wọ́n sì di iṣẹ́ ọnà baba wọn mú. Ọnàbólú kò gbà. Kò rí ìdí tí a ó fi dí ọmọ wa lọ́wọ́ ẹ̀kọ́ tí òyìnbó ń kọ́ ọmọ tirẹ̀. Àríyànjiyàn náà kò tíì tán láàárín àwọn oníṣẹ́ ọnà wa títí di òní.