Owó Ìlú, Ìtọ́jú Ará Ìlú àti Àdéhùn Ológun: Àgbéyẹ̀wò Ìgbé-ayé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀

Ìfáàrà

Kò sí bí a ṣe lè sọ̀rọ̀ nípa àríyànjiyàn àwọn olóṣèlú lórí bí ìjọba ṣe ń ná owó ìlú ní ilẹ̀ Yorùbá tí a kò ní dárúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ni a ti kọ nípa rẹ̀, ìyìn tí a sì ti fún un kò lóǹkà. Kì í ṣe ìyìn ni ó jẹ wá lógún nínú iṣẹ́ yìí. Ohun tí a fẹ́ ṣe ni kí a tọ ipasẹ̀ ìgbé-ayé rẹ̀ nípa ìbéèrè mẹ́ta tí òun àti àwọn alátakò rẹ̀ jọ fà títí ó fi wọ káà ilẹ̀. Ta ni ó yẹ kí ó san owó ohun tí ìjọba ń pè ní ọ̀fẹ́? Ta ni ó yẹ kí ó jẹ àǹfààní rẹ̀? Ǹjẹ́ ó sì yẹ kí orílẹ̀-èdè tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ológun pẹ̀lú òyìnbó tí ó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ lánàá? Agbègbè Òṣogbo àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni a ó máa tọ́ka sí bí a bá ti ń lọ, nítorí pé àwọn Ìjẹ̀ṣà wà lára àwọn tí kò tètè gba ti ẹgbẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ tí àwọn ọmọ wọn jẹ nínú èso ètò rẹ̀.

Ìbí, Ìyà àti Ẹ̀kọ́

Ìlú Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ ni a ti bí Awólọ́wọ̀ ní ọjọ́ 6, oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 1909. Àgbẹ̀ àti agégẹdú ni bàbá rẹ̀, Dáfídì Ṣópólú Awólọ́wọ̀. Mary Ẹfúnyẹlá ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ní ọdún 1920 ni bàbá rẹ̀ kú, ọ̀nà ẹ̀kọ́ sì dí mọ́ ọmọ náà lójú. Ó ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ ọwọ́ láti rí owó ilé-ìwé san. Lẹ́yìn èyí ni ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́, tí ó ṣe akọ̀wé ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Wesley ní Ìbàdàn, tí ó ṣe iṣẹ́ ìròyìn, tí ó sì ṣòwò irè oko àti ọkọ̀ èrò. Òwò náà gbè é nígbà kan, ó sì dà á ní gbèsè nígbà mìíràn. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1937 ni ó fẹ́ Hannah Ìdòwú Dídéolú Adélànà.

Láti ilé ni ó ti kàwé gba oyè nínú ìmọ̀ òwò láti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1944. Ọdún kan náà ni ó wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ ẹ̀kọ́ òfin, ó sì di agbẹjọ́rò ní ọdún 1946. Ojú rẹ̀ ni ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn òṣìṣẹ́ ṣe wọlé ìjọba níbẹ̀ ní ọdún 1945, pẹ̀lú ìlérí pé ìjọba yóò gba ẹrù ìtọ́jú aláìsàn àti aláìníṣẹ́ rù. Ní ọdún yẹn kan náà ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó padà sílé, ó dá ìwé ìròyìn Nigerian Tribune sílẹ̀ ní ọdún 1949. Ní ọdún 1951 ni ẹgbẹ́ Action Group, tí àwọn ará ìlú ń pè ní Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, jáde sí gbangba ní Ọ̀wọ̀.

Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́ àti Ìjà Owó-orí

Ní ọdún 1952 ni Mínísítà fún Ẹ̀kọ́, Olóyè Stephen Awókòyà, gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ níwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Àbá náà dùn létí, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò sí nílẹ̀. Ìjọba bu owó-orí àkànṣe lé àwọn àgbà tí ń san owó-orí tẹ́lẹ̀, kí a lè fi ṣètò ẹ̀kọ́ àti ìlera. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti di iṣu ata yán-an-yàn-an. Ẹgbẹ́ NCNC, Ẹgbẹ́ Alákùkọ, kò sọ pé ẹ̀kọ́ kò dára. Ohun tí wọ́n ń bi àwọn ará ìlú ni bí ohun tí a ń pè ní ọ̀fẹ́ ṣe wá di ohun tí a ń sanwó rẹ̀ kí ọmọ kankan tó wọ kíláàsì. Adégòkè Adélabù ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà kiri Ìbàdàn. Iléṣà pẹ̀lú jẹ́ ibùdó tí NCNC ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, Odeleye Fadahunsi sì wà lára àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ náà níbẹ̀.

Kò yẹ kí a ka àwọn tí ó kọ owó-orí náà sí òpè. Àgbẹ̀ tí ń ta kòkó fún Ìgbìmọ̀ Ìtajà mọ̀ pé iye tí a ń san fún òun kéré sí iye tí a ń tà á lókè òkun, inú èlé yẹn náà ni ìjọba sì ti ń rí owó ṣe ètò ìdàgbàsókè. Lójú irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ń sanwó. Nígbà tí ìdìbò sí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ dé ní ọdún 1954, àwọn olùdìbò fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n. Nínú ìjókòó 42 tí ó wà fún Ìwọ̀-Oòrùn, NCNC mú 23, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ sì mú 18.

Awólọ́wọ̀ ti di Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún náà. Ó lè fà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 17, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 1955, ètò náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò ju nǹkan bí 457,000 lọ ní ọdún 1954 di nǹkan bí 811,000 láàárín ọdún kan. Ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 tẹ̀lé e. Ìjọba rẹ̀ sì ti fi owó ọ̀yà òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù lọ sí ṣílè márùn-ún lójúmọ́.

Ètò náà ní àbùkù tirẹ̀. Àwọn olùkọ́ tí wọ́n gboyè kò tó, ọ̀pọ̀ àwọn tí a kó sí kíláàsì kò sì tíì gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan. Àwọn alátakò sọ pé ẹ̀kọ́ ti já wálẹ̀. Àwọn alátìlẹ́yìn dáhùn pé ọmọ tí ó jókòó níwájú olùkọ́ aláìgboyè sàn ju ọmọ tí kò jókòó níwájú ẹnikẹ́ni lọ. Àwọn méjèèjì ni wọ́n rí òtítọ́ sọ. Ẹkùn Ìlà-Oòrùn, tí NCNC ń ṣàkóso, gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tirẹ̀ kalẹ̀ ní ọdún 1957, ṣùgbọ́n owó kò gbé e, wọ́n sì dá owó ilé-ìwé padà fún ọ̀pọ̀ kíláàsì ní ọdún 1958. Èyí fi hàn pé ọ̀rọ̀ owó-orí tí a fi ń bú Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ kan: ẹni tí kò bá wá owó sílẹ̀ ṣáájú yóò wá a nígbẹ̀yìn. Nígbà ìdìbò Ìwọ̀-Oòrùn ọdún 1956, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ mú 48 nínú ìjókòó 80, NCNC sì mú 32.

Àdéhùn Ààbò pẹ̀lú Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Lẹ́yìn ìdìbò àpapọ̀ ọdún 1959, Awólọ́wọ̀ di Olórí Alátakò ní Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ ní Èkó. Ọ̀rọ̀ kìíní tí ó gbóná lẹ́yìn òmìnira ni ti àdéhùn ààbò láàárín Nàìjíríà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Ilé náà fọwọ́ sí ní oṣù Belú ọdún 1960. Àdéhùn náà fi àyè sílẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́ ológun láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì, ó sì fún ọkọ̀ òfuurufú ológun Gẹ̀ẹ́sì láǹfààní ní ilẹ̀ wa. Ìjọba Abubakar Tafawa Balewa sọ pé ọmọ ogun wa kéré, a sì nílò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ohun ìjà. Ẹgbẹ́ Alátakò sọ pé ẹni tí ó bá so okùn mọ́ ọrùn ẹlòmíràn yóò bá a dé ibi tí kò rò: ogun Gẹ̀ẹ́sì lè di ogun wa. Ní òpin oṣù náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn wọ́de lọ sí Ilé Aṣòfin ní Èkó.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ìjọba ní èsì. Wọ́n rán àwọn ènìyàn létí pé kí òmìnira tó dé, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ fúnra rẹ̀ ni ó ń polongo àjọṣe tímọ́tímọ́ pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn ayé. Òtítọ́ ni èyí, ojú ìwòye Awólọ́wọ̀ yí padà lóòótọ́ láàárín ọdún 1960 àti 1961. Àwọn kan rí ìyípadà náà gẹ́gẹ́ bí ọgbọ́n olóṣèlú, àwọn mìíràn rí i gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ tí ọkùnrin kan rí kọ́. Èyí ó wù kí ó jẹ́, ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1962, ìjọba méjèèjì fagi lé àdéhùn náà. Ó wà lára ìgbà díẹ̀ tí ohùn alátakò yí ìpinnu ìjọba àpapọ̀ padà láì sí pé wọ́n gbàjọba.

Ìwádìí, Ẹ̀wọ̀n àti Ìṣúná Ogun

Ọdún 1962 yẹn náà ni ilé dàrú. Àárín Awólọ́wọ̀ àti Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, tí ó gbapò rẹ̀ ní Ìbàdàn, bàjẹ́. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Ilé Aṣòfin ní oṣù Èbìbí, ìjọba àpapọ̀ sì kéde ìṣèjọba pàjáwìrì. Ìgbìmọ̀ Coker wádìí owó àwọn àjọ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ó sì rí i pé owó ìlú ti gba ọ̀nà ẹ̀yìn dé àpò ẹgbẹ́ òṣèlú. Ó di ẹ̀bi náà ru Awólọ́wọ̀, ó sì dá Akíntọ́lá láre. Ìdáláre yìí ni àwọn alátìlẹ́yìn Awólọ́wọ̀ tọ́ka sí pé ìwádìí náà ní ọwọ́ òṣèlú nínú. Síbẹ̀, ẹni tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn kò gbọdọ̀ fò ó: ẹni tí ó ń bèèrè bí a ṣe ń ná owó ìlú ni a bi ní ìbéèrè kan náà. Ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 1963, ilé-ẹjọ́ sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá lórí ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ sí ìjọba. Yakubu Gowon ni ó dá a sílẹ̀ ní oṣù Ògún ọdún 1966.

Ní ọdún 1967 ó di Kọmíṣọ́nà fún Ìṣúná ní ìjọba àpapọ̀, ipò tí ó dì mú títí di ọdún 1971. Nàìjíríà ja ogun abẹ́lé náà tán láì kó sínú gbèsè ńlá ilẹ̀ òkèèrè, a sì ń yìn ín fún èyí. Àwọn ará Ìlà-Oòrùn kò gbàgbé apá kejì: pípààrọ̀ owó ní ọdún 1968, àti ogún pọ́n-ùn tí a san lẹ́yìn ogun fún ẹni tí ó ní owó ní báńkì, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó. Bí àpò ìjọba àpapọ̀ ṣe kún tó kò pa ẹkún àwọn wọ̀nyí rẹ́.

Àkókò Ẹgbẹ́ UPN

Ní ọdún 1978 ó dá ẹgbẹ́ UPN sílẹ̀ lórí òpó mẹ́rin: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ìwòsàn ọ̀fẹ́, ìdàgbàsókè ìgbèríko àti iṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Nínú ìdìbò ààrẹ ọdún 1979, ìbò 4,916,651 ni ó ní, Shehu Shagari sì ní 5,688,857. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí Òṣogbo àti Iléṣà wà nínú rẹ̀ nígbà náà, Bọ́lá Ìgè ọmọ Ẹ̀sà-Òkè ni ó di gómìnà lábẹ́ UPN. Báyìí ni ọmọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí ó ti kọ owó-orí ẹ̀kọ́ ní ọdún 1954, wá di ẹni tí ń bójú tó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ní ọdún 1981, Awólọ́wọ̀ kìlọ̀ pé ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè ń lọ sínú ewu. Ẹgbẹ́ tí ń ṣèjọba sọ pé kò sí ohun tí ó jọ ọ́. Ní oṣù Igbe ọdún 1982, ìjọba kan náà gbé òfin ìfúnra-lókùn kalẹ̀. Owó oṣù olùkọ́ pàápàá di ìṣòro ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ti UPN kò sì yọ sílẹ̀. Ọjọ́ 9, oṣù Èbìbí, ọdún 1987 ni Awólọ́wọ̀ kú ní Ìkẹ́nnẹ́.

Ìkádìí

A ti rí i pé ìgbé-ayé Awólọ́wọ̀ kì í ṣe ti ẹni tí kò ní àṣìṣe, bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn alátakò rẹ̀ kì í ṣe ti ọ̀tá ìlọsíwájú. Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo ni olú-ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2006. Ìbéèrè ọdún 1954 kò tíì kúrò níbẹ̀: ta ni yóò san owó ẹ̀kọ́, òbí ni tàbí ìjọba? Bí ó bá sì jẹ́ ìjọba, àpò ta ni ìjọba yóò ti mú un? Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn yìí gbọ́dọ̀ gbé ẹjọ́ àgbẹ̀ oníkòkó kalẹ̀ pẹ̀lú ti Olórí Ìjọba. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọmọ tí ó bá gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì ni yóò lè bi ìjọba tirẹ̀ léèrè lọ́la.